Dave Lombardo: Onílù Tí Wọ́n Bí Ní Havana, Rẹ́kọ́ọ̀dù Rẹ̀ àti Àpò Rẹ̀

 Ìtàn tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ogun. Ti onílù kan ni. Dave Lombardo ni wọ́n ń pè é. Ìlú Havana ní Kúbà ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1965. Tí ẹ bá ní kí àwọn onílù thrash metal ka ẹni mẹ́ta tí wọ́n ń wò kọ́ṣẹ́, ó ṣòro kí orúkọ rẹ̀ má jáde.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, thrash metal ni orin gìtá oníná tó le, tó sì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló gbòde, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà sì ni ilé rẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n máa ń kà sí àgbà níbẹ̀: Metallica, Slayer, Megadeth àti Anthrax. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, California ni. Anthrax nìkan ló ti New York wá. Inú Slayer ni Lombardo ti lu ìlù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ fi ojú fo ìwé yìí. Slayer, apani ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orin wọn kún fún ikú, Sàtánì àti ọ̀run àpáàdì, àwòrán ara rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ò sì ṣeé gbé kọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á sá ni. N ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu akọrin ọ̀tọ̀, ọwọ́ onílù ọ̀tọ̀. Ọwọ́ onílù yìí ni mo fẹ́ sọ, àti àpò rẹ̀.

Ó ṣì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Kúbà lọ sí ìlú South Gate, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun tó fẹ́ fi han kíláàsì wá, ìlù bongo ni tirẹ̀, ó sì ń lù ú tẹ̀ lé rẹ́kọ́ọ̀dù Santana. Lẹ́yìn ìyẹn ni rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ Kiss kan, Alive!, bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibi tí onílù wọn ti dá lù nínú rẹ̀ ló ń gbọ́ ní àgbọ́tún-gbọ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n lù. Kò sí olùkọ́. Etí ló fi kọ́ ọ, bí àwọn ọmọ onílù tiwa náà ṣe ń jókòó ti bàbá wọn kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ní 1981, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa gbé pizza lọ sílé àwọn tó bá rà á. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà nígbà tó pàdé Kerry King, ọmọ àdúgbò kan tó ń ta gìtá. Jeff Hanneman tóun náà ń ta gìtá dara pọ̀, Tom Araya sì ni akọrin. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ilẹ̀ Chile ni Araya, ọmọ Kúbà sì ni onílù. Ìdajì ẹgbẹ́ náà, àjèjì tó wá tẹ̀dó ni wọ́n. Àwa tí a wà níbí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́, Show No Mercy, jáde ní 1983 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Metal Blade. Ta ló sanwó sítúdíò? Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà o. Araya ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn nígbà náà, lọ́dọ̀ àwọn tí èémí kò já gaara fún. Owó tó tù jọ níbẹ̀ ló gbé sílẹ̀, wọ́n sì yá ìyókù lọ́wọ́ bàbá Kerry King. Àjọdá owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ariwo cymbal, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí onílù ń gbá, pọ̀ débi pé ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ní kí Lombardo lu ìlù láìfọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn tó parí ni wọ́n wá gba ti irin náà lọ́tọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì kó dán an wò. Ọwọ́ á kàn máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe Haunting the Chapel, rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbalasa ni sítúdíò náà, kò sí kápẹ́ẹ̀tì. Bí Lombardo bá ti ń lù, ìlù á máa sá lọ níwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń bá wọn tọ́jú iná orí pèpéle, Gene Hoglan, ló ní láti tẹ̀ba kó di ìlù náà mú lọ́wọ́ méjèèjì títí orin fi parí, ó ń gbàdúrà kí wọ́n má tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé Hoglan yìí gan-an padà di onílù ńlá nínú ẹgbẹ́ Dark Angel, orúkọ tirẹ̀ náà sì wà lára àwọn tí ayé ń pè lónìí. Ẹni tó di ìlù mú fún ọ̀gá di ọ̀gá.

Hell Awaits jáde ní 1985, orin rẹ̀ gùn, ó sì ta kókó. N ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí èyí tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ayé ń sọ.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1986 ni Reign in Blood jáde. Rick Rubin ló gbà wọ́n sí Def Jam, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn olórin rap bíi LL Cool J ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú 29 tó fi parí. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Olórin wa á ṣì máa ki àwọn tó gbé e lọ́wọ́ sókè nígbà náà. Ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ṣe é sí kásẹ́ẹ̀tì, odindi rẹ́kọ́ọ̀dù wọ ojú kan, wọ́n sì tún gbé odindi rẹ̀ sí ojú kejì. Àwa tí a ta kásẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé bí irú èyí bá bọ́ sí ọwọ́ oníbàárà láyé ọjọ́un, á dá a padà pé ayédèrú lo tà fóun.

Ohun tí Rubin ṣe sí ìlù ló jẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù yìí yàtọ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn olórin metal fẹ́ràn kí ohùn máa dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, kí ó máa hó kó sì máa padà. Rubin gé gbogbo ìyẹn kúrò. Ìlù gbẹ, ó sún mọ́ etí, bí ẹni pé Lombardo jókòó sínú yàrá pẹ̀lú rẹ. Kò sí ibi tí onílù lè fi àṣìṣe pamọ́ sí nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáṣá ni, ìtìjú ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo eré tó ń sá, ìlù kọ̀ọ̀kan ṣeé kà.

Onílù púpọ̀ ní ìlù ńlá kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀. Méjì ni ti Lombardo, ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ọ̀kan, òsì fún èkejì. Nínú orin àkọ́kọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, Angel of Death, níbi tó ti fẹ́ parí, gìtá dákẹ́, akọrin dákẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn nìkan ló kù tó ń yí bí ẹ̀rọ ọlọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, kí gbogbo wọn tó tún ya wọlé. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìlù káàkiri ayé ti fi ibi kékeré yẹn pa ẹsẹ̀ ara wọn. Orin yìí náà ló fa wàhálà. Josef Mengele ló ń sọ, dókítà Jámánì tó fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìdánwò ní Auschwitz. Columbia tó yẹ kó bá Def Jam pín rẹ́kọ́ọ̀dù náà kọ̀, Geffen ló gbà á. Àwọn kan ní Slayer ń gbè sẹ́yìn Hitler, àwọn sì sẹ́ ẹ, wọ́n ní ìtàn ìwà ìkà làwọn sọ, àwọn kò yìn ín. Hanneman ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìlù ni ti Lombardo.

Ṣé ẹ rí i, ibi tí òkìkí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ owó ti bẹ̀rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní oṣù kẹwàá, wọ́n gbéra lọ sí eré káàkiri Amẹ́ríkà, kò pẹ́ tí Lombardo fi kúrò. Àlàyé tó ṣe kò ta kókó: kò sí owó tó ń wọlé fóun. Ó ní bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ gidi làwọn ń ṣe lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ó yẹ kí owó ilé àti owó iná òun máa jáde nínú rẹ̀. Wọ́n wá Tony Scaglione kó bá wọn parí eré. Rubin ò sinmi, ó ń pè é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀, òun ló rọ̀ ọ́ kó padà ní 1987. Ẹ rántí ẹjọ́ yìí, a ó tún bá a pàdé.

Nígbà tó padà, wọ́n ṣe South of Heaven ní 1988. Àwọn ololùfẹ́ wọn ń retí eré sísá mìíràn, wọ́n wá rọra rìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, bí ẹ bá bi mí. Ìlù tó yára, agbára ló ń fẹ́. Ìlù tó fà, òye ló ń fẹ́, torí àlàfo ti wà, onílù sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa fi síbẹ̀ àti ohun tó máa fi sílẹ̀. Seasons in the Abyss tẹ̀ lé e ní 1990, méjèèjì wà nínú rẹ̀, eré àti ìfaradà. Ọdún 1992 ni Reign in Blood gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ó ti tó 500,000 tí wọ́n kó jáde sọ́jà níbẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni Lombardo tún kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ló fà á. Àkọ́bí rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó fẹ́ wà nílé, eré sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ. Paul Bostaph ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi wà níta. Àwọn kan rò pé ó ti tán fún un. Òun àti Waldemar Sorychta dá Grip Inc. sílẹ̀, wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rin láàárín 1995 sí 2004, àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Power of Inner Strength. Ní 1999 nìkan, ó lu ìlù fún ẹgbẹ́ Testament nínú The Gathering. Ó bá àwọn kan ní Ítálì fi ìlù sí orin Vivaldi, bàbá àtijọ́ tó ti kú láti 1741. Ó tún wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ti Fantômas, ẹgbẹ́ tí Mike Patton kó jọ. Fantômas yìí, orin wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ sùn. Ní 2004 wọ́n gbé Delìrium Còrdia jáde, orin kan ṣoṣo tó gùn ju ìṣẹ́jú 70 lọ. Ẹ fi wé ìṣẹ́jú 29 ti Reign in Blood tí orin mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló lu méjèèjì. Ó tún bá Apocalyptica ti Finland ṣe nǹkan díẹ̀ nínú Reflections ní 2003, àwọn tí ń fi cello, ìyẹn gòjé ńlá òyìnbó tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ta orin metal.

Ní ìparí 2001, ìgbọ̀nwọ́ Bostaph ò jẹ́ kó lè lù mọ́, Slayer bá pe Lombardo pé kó wá bá àwọn parí eré. Ó wá, ó sì jókòó. Christ Illusion jáde ní 2006, èyí tó jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sítúdíò àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe pọ̀ láti 1990. Orin kan nínú rẹ̀ gba Grammy ní 2007, òmíràn tó wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n tún gbé jáde lẹ́yìn náà tún gba á ní 2008. World Painted Blood ti 2009 ló gbẹ̀yìn. Tí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù sítúdíò méje ló bá Slayer ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́ ní oṣù kejì 2013, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń múra àtilọ Ọsirélíà. Lombardo gbé ọ̀rọ̀ sórí Facebook kí gbogbo ayé rí i. Ohun tó sọ ni pé òun wo ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá, òun sì rí i pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lórí eré ni wọ́n yọ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó, títí kan owó iṣẹ́ àwọn tó ń darí wọn. Ìdá mẹ́wàá tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló kù kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pín. Ó ní nígbà tóun bèèrè sí i, wọ́n gbé ìwé àdéhùn tuntun wá, pé àfi tóun bá fọwọ́ sí i pé òun ò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níta. Ẹgbẹ́ náà fèsì pé àwọn ò gbà pé bó ṣe sọ ọ́ ló rí. Wọ́n ní òun ló gbé àdéhùn tuntun wá nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó sì tako èyí tí wọ́n ti jọ fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú onílù mìíràn, wọ́n lọ.

Oníṣòwò ni mí, mo mọ̀ pé owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Ọkọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ, owó-orí, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ nínú rẹ̀. Eré ńlá ń jẹ owó ńlá, mi ò sì sí nídìí ìwé wọn láti ṣèdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ 1986 ni mo rí tó padà wá yìí, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: ta ló mọ iye tó wọlé, ta ló mọ iye tó jáde, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé? Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, kò tíì bímọ. Nígbà kejì yìí, ó ń sún mọ́ àádọ́ta, Grammy wà nílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Jeff Hanneman kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń retí pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tún jókòó sọ ọ́, ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ó máa jókòó máa sunkún kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Philm, wọ́n ti ṣe Harmonic ní 2012, wọ́n ṣe òmíràn ní 2014. Suicidal Tendencies gbà á, ó lu World Gone Mad ti 2016. Dead Cross tẹ̀ lé e ní 2017. Ní 2020 ó bá Mr. Bungle ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù thrash tó le gan-an, ọmọ ọdún 55 ni nígbà náà, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dín.

Mo ń bọ̀ wá sí ibi tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí kòrónà dá gbogbo eré dúró, Lombardo wọ sítúdíò òun nìkan. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 2023 ni Rites of Percussion jáde, rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tó dá ṣe lórúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Orin mẹ́tàlá, kò sí akọrin, kò sí gìtá. Ìlù lorí ìlù: conga, timbale, bongo, agogo ńlá àwọn ará Ṣáínà, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ oríṣiríṣi, àti bàtá. Bẹ́ẹ̀ ni, bàtá tiwa. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé rẹ́kọ́ọ̀dù Tito Puente kan, Top Percussion, ló fún òun ní ìmísí.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa yìí padà sẹ́yìn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n tà sí òkè òkun, ọ̀pọ̀ sì dé Kúbà láti ro oko ìrèké. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé Kúbà tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá méjì, Añabí àti Atandá, ló gbẹ́ bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ ní Havana, nǹkan bí ọdún 1830. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ Àyàn nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni bàtá wọn: okónkolo, itótele, àti iyá. Iyá ni wọ́n ṣì ń pe èyí tó tóbi jù. Ìdílé ẹlẹ́sìn nìkan ló ń gbọ́ ọ títí di 1936, ọdún tí Ortiz ṣètò kí wọ́n lù ú ní gbangba fún àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn.

Ní àwọn ọdún 1950, oníjó aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, Katherine Dunham, kó àwọn onílù méjì láti Kúbà mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: Francisco Aguabella àti Julito Collazo. Àwọn méjèèjì mọ bàtá débi ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí Tito Puente, ọmọ New York tí òbí rẹ̀ ti Puerto Rico wá, fẹ́ ṣe Top Percussion ní apá ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn, ó pè wọ́n, ó pe Mongo Santamaría mọ́ wọn. Lára orin inú rẹ̀ ni Obatala Yeza. Òmíràn ń jẹ́ Obaricoso. Mi ò ní túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ oríkì Ṣàngó.

Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ni ọmọ Havana tó dàgbà sí South Gate gbọ́, tó sì ní òun náà á ṣe irú rẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bàtá ló wà nínú Reign in Blood, pé ẹ̀jẹ̀ Kúbà ló ń sáré nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò gbà. Kiss ló kọ́ ọ ní ìlù, àwọn rékọ́ọ̀dù òyìnbó ló fi dàgbà, ó sì ti sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ ìdílé Àyàn. Ẹ má jẹ́ ká gba ohun tí kì í ṣe tiwa, tiwa tó pọ̀. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni pé ó ti dàgbà kó tó yíjú sí ibi tí wọ́n bí i sí, ó sì bá ọ̀nà àwọn èèyàn wa níbẹ̀, torí pé kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ inú ìlù Kúbà kó má bá wa pàdé.

Nínú orin mẹ́tàlá yẹn, èyí tó ṣìkejì sí ìparí ń jẹ́ Omiero. Àwọn Lùkùmí ló ni ọ̀rọ̀ náà. Omi tí wọ́n fi ewé gbo fún òrìṣà ni, tí wọ́n fi ń wẹ ẹni tó ń ṣe ìgbàwọlé. Omi ẹ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tó lu ìlù ogun fún Slayer, ìyẹn ló fi sórí iṣẹ́ tirẹ̀.